Àwo Ò Kú, Àpótí Kékeré Ló Kù

Ìyá aláṣọ á jókòó sí pálọ̀ ní Ìsọlọ̀, á ní kí ọmọ òun gbé àwo Barrister tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìsọlọ̀ kan náà tí Barrister kọ́ Fuji Chambers sí ni o, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní 2010. Wọ́n á yí ańpúlífáyà dópin, ohùn tó máa jáde ò ní ju ti ẹ̀fọn lọ. Ìlù ò níkùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan lá máa ta ṣáṣá bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Ìyá á mí kanlẹ̀: "Àwo yìí ti kú. Ẹ kó o fún alálòkù."

Sùúrù o, ìyá! Àwo ò kú.

Abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ rédíógíráàmù onígi ayé ìjọsí lágbára. Ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn wọn, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń bá a ṣiṣẹ́, iná tó ń mú wá ò sì ju bí ìdá 5 nínú 1,000 fóòtì kan. Ó ń fẹ́ ohun tó máa sọ ọ́ di ìlọ́po 100 kó tó dé ańpúlífáyà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tó ń gé àwo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ńlá kù, wọ́n á fi kún ohùn wẹ́wẹ́. Ohùn ńlá ló ń mú ìlà ojú àwo fì sọ́tùn-ún sósì. Bí wọn ò bá dín in, ìlà kan á ya wọ èkejì. Fújì tí kì í dánu dúró títí ojú àwo kan fi tán, ibo ni ì bá gbà á? Ní 1954 làwọn aláwo Amẹ́ríkà fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, ayé sì tẹ̀ lé e. Àpótí kékeré yìí ló máa ń dá ohun tí wọ́n yọ padà, bí aránṣọ ṣe ń tú ibi tí wọ́n ká mọ́ inú bùbá.

Ó ṣeé ṣe nílé. Áísì NE5532 kan ti tó, yàrá méjì ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Rẹ́sítọ̀ 47 kílòómù lá dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn rẹ́sítọ̀ àti kàpásítọ̀ yòókù lá máa wọn ohùn bí kóńgò ṣe ń wọn gàrí. Kí ẹni tó ń jó léèdì má fojú díwọ̀n o! Bátìrì 9 fóòtì méjì ni kó fún un jẹ, torí iná NEPA máa ń kùn "hùùù" wọnú ẹ̀. Agolo mílíìkì tó ṣófo lè jẹ́ ilé ẹ̀. Kó so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ agolo, kó sì fi páálí tẹ́ inú ẹ̀, kí léèdì má kan irin.

Wọ́n wó ọjà Owónifárí ní Òṣòdì ní 2016, àwọn ẹlẹ́rọ ibẹ̀ sì fọ́n ká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ ańpúlífáyà ṣọ́ọ̀ṣì tún ṣe, èyí ò ní le fún un.

Àmọ́ kí ìyá tó ná kọ́bọ̀, kó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ẹ̀ wò. Bí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ PHONO àti LINE sí bá wà níbẹ̀, kó tì í sí LINE. Àpótí ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn.