Olùkọ́ Tí Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ìwé Kíkà Nínú Gbogbo Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, yinniyinni, kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. A mọ bí a ti ń yin ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́ ilé sí ìlú, a sì mọ bí a ti ń yin ọ̀gá ilé-ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ yege nínú ìdánwò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà tí a kì í rántí nígbà tí a bá ń pín ìyìn: olùkọ́ ìṣirò, tàbí ti iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí ti ìmọ́tótó, tí ó ń fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kọ́ ọmọ láti ka ìwé ní àkàyé. Ọ̀ràn rẹ̀ ni a mú wá síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olùkọ́ èdè nìkan ni ó ni iṣẹ́ ìwé kíkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí: Àgbẹ̀ kan ní iṣu 200. Ó ta ìdá kan nínú mẹ́rin; ó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí ó kù ta àna rẹ̀ lọ́rẹ. Mélòó ni ó ṣẹ́ kù fún un? Ìdáhùn rẹ̀ ni 120. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá fo ọ̀rọ̀ náà, "èyí tí ó kù," yóò pín gbogbo 200 sí ọ̀nà márùn-ún, yóò sì dáhùn pé 110. Ọmọ yìí mọ pípín, ó mọ yíyọ. Kíkà ni kò kà á yé. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò ní kí ó tún ìbéèrè náà kà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àgbẹ̀ náà ṣe, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

A ti rí ẹ̀rí ọ̀ràn yìí ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà, èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nítorí pé ohun tí wọ́n ń kà yé wọn, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Orúkọ Fafunwa kò farasin. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó níbẹ̀?

Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Ẹni tí ń ṣe é kì í tètè parí ẹ̀kọ́ ọdún. Ọ̀gá lè wí pé ó lọ́ra, àwọn òbí sì lè kùn pé ìwé ọmọ kò kún. Bí kò bá rí ẹni gbè é lẹ́yìn, yóò padà sí kíkọ ọ̀rọ̀ sí pátákó kí ọmọ máa dà á kọ. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà ni a ṣe dámọ̀ràn báyìí. Láti ọdún 1994 ni ayé ti ń ṣe ìrántí àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kan ní ọjọ́ náà, kí a ka orúkọ rẹ̀ ní ààfin, kí a sì fi ìwé ta kíláàsì rẹ̀ lọ́rẹ. Kí a má ṣe fi ojúlùmọ̀ yàn án. Kí àwọn tí a rán lọ mú ìwé ìmọ́tótó tàbí ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kíláàsì náà kò tíì rí rí, kí wọ́n pe ọmọ mẹ́ta tí olùkọ́ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, kí àwọn ọmọ náà kà á, kí wọ́n sì ròyìn ohun tí wọ́n kà. Ẹnu àwọn ọmọ ni yóò jẹ́rìí olùkọ́ wọn.

Ẹ̀yin baba wa, oyè wà lọ́wọ́ yín, ìyìn sì wà lẹ́nu yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń la ojú àwọn ọmọ wa rẹ̀wẹ̀sì láàárín wa.