Ẹ San Owó Àyẹ̀wò fún Ríwáyà

Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú tí kì í gbe onílé bí àjòjì, ti wá di ìlú tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò kí i. Ẹni tó bá gba Ring Road lọ sí Challenge láàárọ̀ kùtùkùtù, tàbí tó yà wọ àdúgbò Bodija, yóò ṣe kòńgẹ́ Range Rover tàbí Mercedes-Benz tòkunbọ̀ kan tí ìdí rẹ̀ ti wọlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ó dúró ṣánṣán nígbà tí olówó rẹ̀ fi í sílẹ̀ lálẹ́ àná.

Ọkọ̀ Land Rover tí ilé-iṣẹ́ Leyland Nigeria ń tò pọ̀ ní ìlú yìí láyé ọjọ́sí, síbíríǹgì irin ni ó fi ń rìn, ẹni tó bá sì bẹ abẹ́ rẹ̀ wò yóò fojú ara rẹ̀ rí èyí tó kán. Ṣùgbọ́n láti 1992 ni Range Rover ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi afẹ́fẹ́ gbé ara rẹ̀ ró, Mercedes-Benz S-Class sì gba ọ̀nà kan náà ní 1998. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ni ó ń fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò rọ́bà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí táyà ń ròyìn fún brain box bí ọkọ̀ ti ga sí. Brain box ni yóò wá pàṣẹ fún rílè kí ó fún kọ̀ńpírẹ́sọ̀ níná. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gba ẹnu àwọn mẹ́rin kọjá báyìí, ta ni ó lè fi ojú lásán mọ ẹni tó purọ́?

Síbẹ̀, ojú lásán ni a ń lò. “Ọ̀gá, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti kú,” ni ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yóò wí, ọ̀gá yóò sì mú owó gọbọi lọ sí ọjà Araromi ní Agodi Gate. Wọ́n de tuntun, ọkọ̀ dìde, gbogbo ilé dúpẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún wólẹ̀. Àpò rọ́bà kan ló ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń sáré láìsinmi kí ó lè dí ohun tí kò ṣeé dí, títí ojú rílè fi gbóná, tí ó lẹ̀ pọ̀, tí iná kò sì ṣeé pa mọ́ bí a tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Bátìrì kú mọ́jú, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ jóná. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá ríwáyà lẹ́bi. Èmi kò bá wọn lọ. Àwa tí a ni ọkọ̀ ni a kò fẹ́ sanwó ohun tí a kò lè fọwọ́ mú. Bí ọmọkùnrin náà bá lo wákàtí mẹ́ta lábẹ́ ọkọ̀, tó wá rí i pé fíúsì kan ló jó, a óò fún un ní owó oúnjẹ, a óò sì tún máa kùn pé kò ṣe nǹkan kan. Ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ̀ pé orí pààtì ni èrè òun wà.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ti rí gan-an. Gílóòbù kékeré tí a so wáyà méjì mọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ríwáyà gbójú lé: bí ó bá ti tàn, iná dé ibẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni, ó dé, ṣùgbọ́n iná mélòó? Fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo tí kò tíì jẹrà tó láti tan gílóòbù. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lè fẹ́ 20 ámpù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́nrán kan kò sì lè rù ú. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò jẹ́ kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, yóò fi ẹnu mítà kan sí orí pọ́sítífù bátìrì, yóò fi èkejì sí ibi tí wáyà ti wọ kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Bí mítà bá ka 0.2 fóòtì, wáyà dára. Bí ó bá ka 2, nǹkan kan ń jẹ iná lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe ojú rílè, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ fíúsì tí òjò ti wọ̀, tó ti hu àwọ̀ ewé. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gílóòbù yẹn lọ sí wáyà sẹ́ńsọ̀, nítorí 5 fóòtì péré ni brain box fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Síkáànì ńkọ́? Ó wúlò, àmọ́ èyí tí kò mọ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ kò ní í rí nǹkan kan níhìn-ín, èyí tó mọ̀ ọ́n pàápàá, ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ ni yóò dárúkọ, kì í ṣe ohun tí a ó rà.

Àwọn mìíràn ní kí a yọ afẹ́fẹ́ dànù, kí a fi kọ́ìlì irin sí i. Bí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti gbó, mi ò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí a tìtorí rílè kan tú gbogbo ìdí ọkọ̀, ìyẹn ti kọjá ọgbọ́n.

NATA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ni mo kọjú ọ̀rọ̀ sí báyìí: kí wọ́n dá owó àyẹ̀wò sílẹ̀ lọ́tọ̀, yálà a ra pààtì tàbí a kò rà á. Kí àwa náà sì máa béèrè lọ́wọ́ ríwáyà, kí a tó tú àpò, pé fóòtì mélòó ni mítà kà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.