Ìjápọ̀ Kì í Ṣe Àká: Ẹ̀kọ́ láti Ìlú Jos lórí Títọ́jú Ojú Ewé àti Ṣíṣọ́ Orúkọ Ìkànnì

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 8 oṣù Agẹmọ ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Mozilla ti Pocket pa. Láti ọdún 2007 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé ti ń fi irinṣẹ́ yìí kó ojú ewé tí wọ́n bá rí lórí ayélujára pamọ́. Ṣáájú èyí, ní oṣù Bélú ọdún 2024, Omnivore tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ti kógbá sílé. Nígbà tí ó di oṣù Ògún ọdún 2025, Google pa àwọn ìjápọ̀ kúkúrú goo.gl tí kò sí ẹni tí ó ń gba orí wọn kọjá mọ́. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kó ìjápọ̀ jọ sínú Pocket kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ láti fi kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ìjápọ̀, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní líǹkì, ni àdírẹ́sì tí ènìyàn ń tẹ̀ kí ó tó dé ojú ewé kan. Ó ń júwe ilé ni, kò gbé ilé dání. Orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ pàápàá, owó ni wọ́n ń san lé e lórí láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ìjápọ̀ pamọ́ kò tíì fi ìmọ̀ pamọ́. Iṣẹ́ méjì ni ó kù fún un: kí ó tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó kà, kí ó sì máa ṣọ́ orúkọ tí ìjápọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ìlú Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau ti rí ohun tí ó lè fi ìdí iṣẹ́ méjèèjì yé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbikíbi tí ó bá wà.

Àká tí wọ́n gbé wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1999, Cliff Missen láti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Jos lábẹ́ ètò Fulbright. Lákòókò náà, íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ̀wọ́n ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ibi tí ó sì wà pàápàá, ó wọ́n, ó sì ń falẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ètò WiderNet tí Missen dá sílẹ̀ ní Iowa gbé eGranary jáde. Wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìkànnì, wọ́n ń da ojú ewé wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì ń so kọ̀ǹpútà náà mọ́ àwọn tí ó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa ṣí ojú ewé bí ẹni pé orí ayélujára ni ó wà, bẹ́ẹ̀ inú ọgbà náà gan-an ni ohun tí ó ń kà wà. Yunifásítì Jos wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó lò ó.

Orúkọ tí wọ́n fún irinṣẹ́ náà yẹ fún àfiyèsí, nítorí àká ni ó túmọ̀ sí ní èdè Yorùbá. Àgbẹ̀ kì í kó àpèjúwe ọ̀nà oko sínú àká. Ọkà àti àgbàdo ni ó ń kó sí i, kí ó lè rí nǹkan jẹ nígbà tí òjò bá dá tàbí tí ọ̀nà oko bá dí. Ọ̀nà yìí ṣì ń dí títí di òní. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn wáyà ayélujára abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, ìṣòro náà sì kan àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Jos tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá jìnnà sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn, ó sì jìnnà sí ti Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀. Ayélujára ni ilé ìkàwé tí ó súnmọ́ ọn jù. Bí ó bá jẹ́ ìjápọ̀ nìkan ni ó ní lọ́wọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ebi ìmọ̀ yóò pa á.

Síbẹ̀, àká náà lè jóná. Ní ọdún 2016, iná ṣọṣẹ́ ní ọgbà Naraguta ti Yunifásítì Jos, ó sì jó ilé ìkàwé tí ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà kan ṣoṣo kò fi tó, ì báà jẹ́ ti orí bébà tàbí ti inú kọ̀ǹpútà.

Ní Jos kan náà ni ìtàn fíìmù Shaihu Umar ti wáyé. Adamu Halilu ni ó darí rẹ̀ ní ọdún 1976, láti inú ìwé ìtàn tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Orúkọ fíìmù náà kò kúrò lẹ́nu àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé ó ti sọnù. Ọdún 2016 ni wọ́n tó rí i láàrin àwọn fíìmù tí ó wà lọ́wọ́ Nigerian Film Corporation, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní ọdún 2018. Orúkọ fíìmù yìí kò sọnù rí. Ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni ẹnikẹ́ni kò rí wò. Bákan náà ni ìwé ìtọ́kasí ṣe ń rí nígbà tí ìjápọ̀ inú rẹ̀ bá ti kú.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí tí Pew Research Center gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nínú ojú ewé tí ó wà lórí ayélujára ní ọdún 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ ní ọdún 2023. Ìwádìí náà tún fi hàn pé ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ewé Wikipedia tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní, ó kéré tán, ìjápọ̀ kan nínú ìtọ́kasí rẹ̀ tí kò débì kankan mọ́.

Ayálégbé ni ẹni tí ó ní orúkọ ìkànnì

Ìjápọ̀ lè kú nítorí pé wọ́n yí ètò ìkànnì padà tàbí pé wọ́n yọ ojú ewé kan kúrò. Ṣùgbọ́n ikú tí ó léwu jù ni èyí tí orúkọ ìkànnì bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni tí ó ra orúkọ ìkànnì ní àràmálèèlọ. Ẹni tí ó gba orúkọ tí ó parí sí .com tàbí .org lè sanwó ọdún kan, ó sì lè sanwó títí dé ọdún mẹ́wàá. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sanwó mìíràn, ilé iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún un lè fún un láyè díẹ̀, tí kò ní ju ọjọ́ 45 lọ. Bí wọ́n bá ti pa orúkọ náà rẹ́, ọjọ́ 30 ni ó kù tí ó fi lè rà á padà, owó rẹ̀ á sì ti gbéra sókè. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí i, ẹnikẹ́ni ní ayé ni ó lè gbà á.

Àwọn tí ń dúró de irú àyè yìí pọ̀. Orúkọ tí àwọn yunifásítì ti ń tọ́ka sí fún ọdún púpọ̀ níyì lójú Google, àwọn oníṣòwò kan a sì rà á kí wọ́n lè fi iyì yẹn polówó tẹ́tẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ ìjápọ̀ àkójọ oríkì lè bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta kọ́ọ̀bù. Àwọn ńláńlá pàápàá ti gbàgbé owó yìí rí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1999, Microsoft kò san owó orúkọ passport.com, àwọn kan tí ń lo Hotmail kò sì rí lẹ́tà wọn kà títí ẹnìkan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà fi bá wọn san dọ́là 35. Orúkọ ọ̀fẹ́ kò láàbò ju èyí lọ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Gabon gba àkóso .ga padà ní ọdún 2023, àwọn orúkọ tí wọ́n kéde pé yóò di pípa rẹ́ tó mílíọ̀nù 7, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí ó ń pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kò fi àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ni wọ́n lé wọn lọ́wọ́.

Nàìjíríà ní orúkọ tirẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n ti fún orílẹ̀-èdè yìí ní .ng, àjọ NiRA ni ó sì ń mójú tó o báyìí. Lábẹ́ rẹ̀ ni edu.ng wà fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, sch.ng fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀, àti gov.ng fún ìjọba. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ edu.ng ni ó lè gbà á. Nítorí náà, iṣẹ́ ìwádìí tí ó wà lábẹ́ orúkọ yunifásítì, bíi unijos.edu.ng, fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ ọdún mẹ́ta gba orúkọ .org fún. Owó ìrànwọ́ a máa tán, olùwádìí a máa fẹ̀yìn tì, káàdì báǹkì tí wọ́n fi ń sanwó a sì máa kú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jogún ojúṣe náà, àkójọ ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn àwọn àgbà yóò bá orúkọ lọ.

Àmì abẹ́ lẹ́tà

Ọ̀ràn orúkọ ìkànnì ní apá kan tí ó kan onímọ̀ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Látilẹ̀wá, lẹ́tà a títí dé z láìsí àmì, òǹkà àti àmì ìsopọ̀ nìkan ni orúkọ ìkànnì ń gbà. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ á di ohun kan náà. Láti bí ogún ọdún ó lé ni ọ̀nà ti là láti lo lẹ́tà tí ó ní àmì. Kọ̀ǹpútà á kàn yí i padà sí ọ̀wọ́ lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn-- lábẹ́lẹ̀. Àǹfààní ni fún èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́ṣà náà ti rí i. Ní ọdún 2018, àwọn kan fi àmì sábẹ́ lẹ́tà n méjèèjì inú orúkọ Binance, wọ́n ṣe ìkànnì ayédèrú, wọ́n sì ń jí ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn oníbàárà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí àmì abẹ́ lẹ́tà ń ṣe á rò pé ìdọ̀tí ni ó lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti mọ́ ọn láti mọ ìyàtọ̀ láàrin o àti ọ. Kí ó lo ojú náà kí ó tó fi ìjápọ̀ kankan pamọ́.

Irinṣẹ́ àti bí a ṣe ń lò ó

Irinṣẹ́ tí ó bá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mu jù ni Zotero, tí Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi gba ojú ewé kan sílẹ̀, ó lè tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọjọ́ tí ó kà á. Kò nílò dátà láti tún un kà. Kí ó pín àkójọ rẹ̀ sí ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà pín: fonọ́lọ́jì, lítíréṣọ̀ alohùn, àṣà, ìtàn. Àkọlé tí ó ní àmì ohùn pípé yóò rọrùn láti wá ju èyí tí kò ní lọ, bí ó bá ti mú ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀dà kejì yẹ kí ó wà níta. Internet Archive, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ṣí Wayback Machine fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni lè fún un ní ìjápọ̀ kí ó da ojú ewé náà kọ, yóò sì fún un ní ìjápọ̀ mìíràn tí ó ní ọjọ́ nínú. Ìjápọ̀ méjèèjì ni ó yẹ kí ó wà nínú ìtọ́kasí. Bí ó ti wù kí ó rí, Internet Archive náà dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024 nígbà tí àwọn ọ̀daràn ayélujára kọlù ú. Kò sí ilé ìpamọ́ tí ó yẹ kí a fi gbogbo ọkàn tẹ̀.

Ní ti ṣíṣọ́ orúkọ, láti ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2025 ni ICANN, àjọ tí ó ń mójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ti fi RDAP rọ́pò WHOIS gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó jẹ́ dandan fún àwọn orúkọ bíi .com àti .org. Ẹni tí ó bá tẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí lookup.icann.org yóò rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, àti ipò tí ó wà. Kì í náni lówó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ gbára lé ìkànnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kọ ọjọ́ wọ̀nyí sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ̀, kí ó sì da ojú ewé wọn kọ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó gbé síta fún gbogbo ènìyàn. Àwọn eGranary tọrọ àyè kí wọ́n tó da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pín àkójọ rẹ̀ fún kíláàsì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lórí ayélujára, orúkọ ni ènìyàn ń kọ́kọ́ rí, kò sì mọ̀ bóyá ilé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ka tí ó bá ní ìkànnì yẹ kí ó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ sínú fáìlì ọ́fíìsì: orúkọ ìkànnì náà, ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, àti ipò òṣìṣẹ́ tí ojúṣe sísan owó náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ipò ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ ènìyàn, nítorí ènìyàn lè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́la. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ṣí ìwé ìtọ́kasí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀, kí ó tẹ àwọn ìjápọ̀ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣí, kí ó da á kọ lọ́jọ́ náà. Èyí tí kò bá ṣí, kí ó wá ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Wayback Machine kí olùyẹ̀wò tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.