Etí Yorùbá, Etí Hausa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra pákó ní ọjà Kàtákò, ní Laranto, nílùú Jọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC, ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye owó ọjà sára pátákó. PRIZE LIST ló kọ sókè. Ọmọkùnrin Hausa tó ń bá wọn ru pákó ní kì í ṣe Z, C ni. Ọmọbìnrin náà yarí: “Ṣebí bákan náà ni wọ́n ń dún?”

Ní etí tirẹ̀, òótọ́ ló sọ. Èdè Yorùbá kò ní Z, S la fi ń rọ́pò rẹ̀. Ni price, iye owó, bá di ọ̀kan náà pẹ̀lú prize, ẹ̀bùn ẹni tó borí. A kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ cheap, i kan ṣoṣo la sì ní fún ship àti sheep. Ìdí nìyẹn tí cheap, chip, ship àti sheep fi ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó kan ọmọkùnrin náà, WE SALE PLYWOOD ló kọ. Kíá ni ọmọbìnrin náà sọ pé sell ni. Ẹnu Yorùbá wo ló máa pe ètè ní ẹ̀tẹ̀? Hausa kì í ya e àti ẹ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Kò sì ní p. F ló ń gba ipò rẹ̀, tí pan fi ń di fan.

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá na ọmọ nítorí irú àṣìṣe yìí. Wọ́n nà mí rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èdè ìyá mi ni kò ní ìró tí mò ń ṣì pè. Ìwé kẹta Gẹ̀ẹ́sì WAEC, tó dá lórí ìró ọ̀rọ̀, kò ní bi ọmọ léèrè èdè tó ń sọ nílé. Olùkọ́ ló yẹ kó bi í.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ti èdè ìyá wá: ti stationery àti stationary yàtọ̀. Òyìnbó fúnra rẹ̀ kò fi etí mọ̀ wọ́n, ojú nìkan ló lè yà wọ́n. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá: láyé àtijọ́, stationer ni ọlọ́jà ìwé tó ní ojúkò, tí kì í kiri. Ọjà rẹ̀ ni stationery. Ohun tó dúró lójú kan ni stationary.

Kí n tó sanwó, ọmọbìnrin náà ti fi omi nu pátákó. Ó ní kí ọmọkùnrin náà pe prize. Ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń pè é tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni Z jáde.