Ọ̀rọ̀ Àga Aláúsá

Ẹ̀yin ará Ìkẹjà àti Agége, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kíní ọdún 2025, àwọn aṣòfin Èkó yọ Mudashiru Ọbásá, aṣojú Agége, kúrò ní ipò Olórí Ilé. Ẹ̀sùn ìnákúnàá owó ìlú wà nínú ohun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Òun ní irọ́ ni. Mojisola Meranda, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gun àga náà, kọ̀wé fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n sì dá Ọbásá padà ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí a kò fi ẹ̀sùn kàn ni ó fi ipò sílẹ̀!

Ní ọdún 2007, Patricia Etteh, ọmọ Ọ̀ṣun, fi irú àga bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Abuja nítorí ariwo owó àtúnṣe ilé, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ kan ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC ni ó parí ti Aláúsá. Ó yẹ kí àgbà parí ìjà, ṣùgbọ́n ṣé ìjà nìkan ni? Kí Ilé náà tẹ ìṣirò owó náà jáde, kí òṣìṣẹ́ Ọ̀gbà àti Orégùn, tí a ń yọ owó orí rẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀, lè kà á. Bí Ọlọ́lá Ọbásá kò bá jẹ̀bi, ìwé náà ni yóò gbè é.