Ajá Náà Ń Fẹ́ Eré

Bí ẹnìkan bá jókòó ti abẹ́rẹ́ àti òwú, tí ó sì wí pé ohun ìṣeré ajá ni òun ń rán, àwọn aládùúgbò yóò kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín ná. Wọn a ní àṣà òyìnbó ti wọ̀ ọ́ lára. Wọn a ní ọmọ ènìyàn kò tíì rí ohun ìṣeré kí a tó máa sọ ti ajá. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀.

Láyé àtijọ́, ajá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá eré fún un. Ajá ọdẹ a tẹ̀lé olówó rẹ̀ wọ igbó pẹ̀lú ṣaworo lọ́rùn, a máa lé ọ̀yà àti òkété kiri, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó padà wálé. Èyí tí kì í ṣe ti ọdẹ pàápàá a máa rìn káàkiri agbo ilé bí ó ti wù ú. Ajá ìgboro òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà olódi ni a ti ń sìn ín, a ó fi ẹ̀wọ̀n dè é láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ní ìrètí pé yóò ṣọ́ ilé lóru. Olówó rẹ̀ a lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ a lọ sí ilé-ìwé, a wá ku òun nìkan. Kí ni kí ó ṣe? Yóò gbó títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, yóò gbẹ́ ilẹ̀, bí ó bá sì rí bàtà, yóò fà á ya. Nígbà tí olówó rẹ̀ bá dé, pàṣán ni yóò fi kí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

Ti ọmọ ajá tún wá yàtọ̀. Eyín 28 ni ó kọ́kọ́ ń hù. Láti nǹkan bí oṣù 4 títí dé nǹkan bí oṣù 7, àwọn wọ̀nyí a máa ká, eyín 42 ti àgbà ajá a sì máa rọ́pò wọn. Ní gbogbo àkókò yìí ìdí eyín a máa yún un. Ẹni tí ó ń nà án nítorí bàtà nígbà náà dà bí ẹni tí ń na ọmọ ọwọ́ nítorí pé ó ń hu eyín.

Ohun tí yóò tù ú lára kò ju àkísà lọ. Kò sí télọ̀ tí kì í ní àjákù aṣọ nílẹ̀. Bí a bá ya ṣòkòtò jíìnsì gbígbó sí ọ̀já mẹ́ta, tí a hun wọ́n bí ẹni di irun, tí a sì ta kókó tí ó le sí orí àti ìdí, okùn tí ọmọdé àti ajá yóò jọ máa fà ti dé nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ abẹ́rẹ́ lò lè gé aṣọ líle ní ìlọ́po méjì, kí ó rán an láti inú, kí ó yí i sí òde, kí ó ki àkísà mìíràn sí i, kí ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa ní ìgbà méjì. Àlòkù kíjìpá ni ìbá dára jù, nítorí aṣọ oko ni, kì í tètè ya. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wo ni yóò gbà kí a fi tirẹ̀ fún ajá? Bàtà gbígbó nìkan ni kí a má ṣe fún un, nítorí ajá kò mọ èyí tí ó gbó yàtọ̀ sí tuntun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìránkúrán. Kí a má ṣe fi bọ́tìnì ṣe ojú fún un, kí a má ki fóòmù tàbí ọ̀rá sí i nínú, kí a má sì jẹ́ kí òwú gígùn yọ sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí ajá bá gbé òwú gígùn mì, orí kan lè há sínú ikùn, nígbà tí ìfun bá sì ń fa èyí tí ó kù, ìfun náà yóò ká jọ bí ìbàdí ṣòkòtò tí a fa okùn rẹ̀ le, òwú náà sì lè gé e. Ajá bẹ́ẹ̀ a máa bì, kì í fẹ́ jẹun mọ́. Bí dókítà ẹran kò bá tètè là á nínú, ó lè kú. Bí òwú bá yọ ní ẹnu tàbí ní ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á. Àwọn tí ó sì ń wí pé egungun ti tó o ṣeré, kí wọ́n rántí pé egungun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó, a sì máa gún ọ̀fun àti ìfun.

Nítorí náà, kí ohun ìṣeré náà tóbi ju èyí tí ajá lè gbé mì lọ. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́, kí a máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sì kó èyí tí ó bá ti ya dànù. Àkísà kò gbówó lórí, òmíràn kò ní ṣòro rán.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú ti ìránṣọ. Ajá tí ọmọdé yóò bá fa okùn gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gbà ní àkókò tí dókítà ẹran bá dá. Kí àgbà wà nítòsí pẹ̀lú. Bí ajá náà bá kùn, tí irun ọrùn rẹ̀ sì dìde, kí ọmọ jọ̀wọ́ okùn fún un.