Ẹ Yẹ Èékánná Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Bí èékánná bá ń nípọn, tó ń pàwọ̀ dà, tó sì ń ṣí kúrò lára ìka, kẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ. A ó na ìka síwájú olóògùn, a ó ra griseofulvin tàbí ìpara kan, ó parí. Àṣà yìí ń pa wá lára, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mélòó kan fún èékánná tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, nítorí ojú lásán kò lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Nínú èékánná tó bàjẹ́, nǹkan bí ìdajì péré ni àrùn olú (fungus) máa ń wà nídìí rẹ̀. Bàtà tó ń há ìka, ìfarapa àti àrùn awọ mìíràn ló ń fa púpọ̀ nínú ìyókù.

Àní nínú ìdajì tó jẹ́ ti olú, ọ̀tá kò rí bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Trichophyton rubrum, ọ̀kan lára ohun tó ń fa làpálàpá, èékánná ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà olú tí à ń pè ní ìwúkàrà (yeast) náà ń ba èékánná jẹ́, pàápàá ti ọwọ́ àwọn tí omi kì í gbẹ lọ́wọ́ wọn: alágbàfọ̀, ẹlẹ́ja, aláró. Ìdí èékánná ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Awọ ibẹ̀ á wú, á máa ro wọ́n, á ṣí kúrò lára èékánná, omi á sì máa ráyè wọlé. Candida albicans la mọ̀ jù nínú àwọn ìwúkàrà yìí. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n tún wà: Candida krusei, tó wà lára àwọn ìwúkàrà tó máa ń wà nínú ògì kíkan, àti Rhodotorula, tó máa ń pọ́n bí iyùn nínú àwo láàbù. Èyí kò sọ ògì di oúnjẹ ewu o. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé griseofulvin kò ran ìwúkàrà rárá, agbára oògùn terbinafine sì máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ wọn. Fluconazole tí wọ́n sábà fi ń lé Candida kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí Candida krusei àti Rhodotorula, bí a ti dá wọn nìyẹn.

Àwọn kan á ní owó àyẹ̀wò dà, àti pé yóò pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà ń lo terbinafine fún èékánná ẹsẹ̀, èékánná náà sì lè gba ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kó tó hù tán. Ẹni tó gbé oògùn tí kò bá a mu lè má mọ̀ títí owó fi tán, oògùn ọ̀hún sì lè ni ẹ̀dọ̀ lára. Ní ti àyẹ̀wò, wọ́n á họ díẹ̀ lábẹ́ èékánná, níbi tí èyí tó dára ti pàdé èyí tó bàjẹ́, wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ ọ, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ máíkíróskópù. Èsì èyí lè jáde lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú àwo, ìwúkàrà kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, bí àwọn yòókù tilẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìwúkàrà tí láàbù rí lè jẹ́ èrò ọ̀nà lásán, tó kàn bà lé èékánná tí nǹkan mìíràn ti bà jẹ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí èsì ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó. Ó yẹ kí wọ́n rí ìwúkàrà náà lábẹ́ máíkíróskópù, kí wọ́n sì tún bá a nínú èyí tí wọ́n họ lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń sọ pé èékánná lásán ni, kò gbọdọ̀ gbàgbé alátọ̀gbẹ, tí àlàfo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lè di egbò ńlá. Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ olú rárá: abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa olórin Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀, ìfarapa bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Nítorí náà, kí ìjọba rí i pé ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò ìyẹ̀wò yìí àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, nítorí kì í ṣe ẹ̀rọ olówó iyebíye. Kí olóògùn máa darí aláìsàn síbẹ̀ kó tó ta oògùn olóṣù mẹ́ta fún un. Ẹ̀yin tí èékánná ń dà láàmú, ẹ máa bi dókítà yín pé kòkòrò wo gan-an ni, kí ẹ má sì gba ìwé oògùn títí yóò fi lè dá yín lóhùn.